Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Wa Ní Orúkọ Igi?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbọ́ láàárín wa láti bí ọdún mélòó kan, n kò sì fẹ́ kí ó kọjá láìfèsì mọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí ń yọ̀ǹda ara wọn láti kó àwọn ọmọdé jọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣa ike àti ọ̀rá nílẹ̀, bí a ti ń fi ohun tí a jù nù ṣe ọ̀ṣọ́ àti ohun ìṣeré, bí a ti ń gbin igi, iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní kò kàn wá. Wọ́n ní bí irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé etí igbó òrìṣà, kí a lé wọn padà, nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àti pé òrìṣà kò nílò kí ọmọdé wá bá òun gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, n kò sì ní sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́: àwa tí a ń sọ ọ́ ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ tì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń nàka sí nígbà tí a bá fẹ́ yangàn. Igbó Ọ̀ṣun, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ni àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Èyí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí a kì í sábà rántí ni bí igbó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ènìyàn ti ń gé igi nínú rẹ̀. Wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀. Wọ́n ń pẹja nínú odò tí àwọn baba wa ti fi èèwọ̀ dè. Àwọn ojúbọ ti ń wó, àwọn àwòrò kan sì ti kó ẹsẹ̀ wọn kúrò. Èèwọ̀ ṣì wà bí ó ti wà; àwọn tí ń pa á mọ́ ni ó dín kù.

Ní àkókò náà ni Susanne Wenger, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ilẹ̀ Austria ni, ọdún 1950 ni ó dé Nàìjíríà. Kò kó ọlọ́pàá lọ sínú igbó. Ọnà ni ó kó lọ. Adébísí Àkànjí tí ó bá a ṣiṣẹ́, bíríkìlà ni kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì, igi àti òkúta gbé àwọn òrìṣà dìde láàárín igi, wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ odi tí ojú kò lè kúrò lára rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù kò lè dá agégi dúró mọ́, ìyanu ni ó dá a dúró. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1965, ìjọba ti kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ ìkéde náà dé orí gbogbo igbó.

Ẹ wá wo orúkọ díẹ̀ nínú àwọn tí ó gbẹ́ òkúta àti igi, tí wọ́n po amọ̀ níbẹ̀: Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Àkàngbé, Sàká Àrẹ̀mú. Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ wọn? Orúkọ Mùsùlùmí ni. Bí a bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó ní ìgbà náà, tí a ń bi olúkúlùkù léèrè ibi tí ó ti ń kírun àti ibi tí ó ti ń gbàdúrà, n kò mọ ohun tí UNESCO ìbá rí kọ sílẹ̀ ní ọdún 2005. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún mi pé kíkọ́ ènìyàn ní ìtọ́jú àyíká pẹ̀lú ọgbọ́n ọnà kì í ṣe ti òrìṣà, èmi yóò ní kí ó lọ bi àwọn ère inú igbó Ọ̀ṣun.

Àwọn kan tún wà tí wọn kò bá àwọn ọ̀dọ́ jà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọ pé èèwọ̀ tó. Wọ́n ní kí a sáà máa sọ fún ọmọ pé ìwin ń gbé inú ìrókò, kò ní gé ìrókò. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀. Òun ni ó fi igbó sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá fún àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ní nǹkan mìíràn nípa ìrókò ju pé ìwin ń gbé inú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ níbòmíràn pé kò sí ìwin, kò sí ohun tí yóò dá ṣéènsọ́ọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan péré ni wọn yóò fi wó gbogbo ohun tí a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ orúkọ ìrókò, tí ó mọ ẹyẹ tí ń sùn lórí rẹ̀, tí ó mọ bí ọdún ti pọ̀ tó kí irúgbìn rẹ̀ tó di igi tí ènìyàn mẹ́ta kò lè dì mọ́ra, ọmọ yẹn lè yí ẹ̀sìn padà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ṣì máa ro ohun tí yóò gé lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba náà ti gbìyànjú tirẹ̀ nípa ẹ̀rù. Àwọn tí ó dàgbà tó nínú wa rántí ọdún 1984, nígbà tí àwọn ológun gbé ogun ti ìwà ìbàjẹ́, tí wọ́n fi kòbókò kọ́ wa ní ìmọ́tótó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù, kò sẹ́ni tí ó gbọdọ̀ rìn. Gbogbo wa á jáde tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀. Ní ọdún 2016 ni Èkó dá ìsémọ́lé ọjọ́ náà dúró. Ṣé ìmọ́tótó kù sí wa lára? Ẹ wo inú gọ́tà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Èkó tún fòfin de àwọn abọ́ fóòmù funfun tí a fi ń ta oúnjẹ. Mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra oúnjẹ náà, ta ni ó kọ́ ọ pé ewé eéran ti wà kí abọ́ fóòmù tó dé, àti pé ìrẹsì tí a pọ́n sínú ewé ní òórùn tí kò sí nínú abọ́ kankan?

Ó hàn sí mi pé ìdí kan wà tí ìwà jíju-nǹkan-nù fi le láti fi sílẹ̀ láàárín wa, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí ó jẹ́ ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, bí a bá jẹun tán tí a ju ewé sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ẹ́, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Ẹbọ tí a gbé sí oríta nínú àkúfọ́ ìkòkò, ẹyẹ á jẹ nínú rẹ̀, òjò á sì fọ ìyókù. Kò sí ẹ̀bi nínú jíjù ú sílẹ̀ nígbà náà. Ohun tí a ń jù ti yí padà, ọwọ́ wa kò tíì mọ̀. Ọwọ́ wa ṣì ń ju ọ̀rá bí ìgbà tí ó ń ju ewé.

Èyí gan-an ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ tí yóò dun ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ lọ sí etí odò, tàbí ibi tí a ti ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, ìyẹn ọjọ́ kejì tí a ti jó, tí a ti yọ̀. Ọ̀rá omi tútù ni ilẹ̀ fi funfun. Ìgò ọtí wà níbẹ̀, ìgò oyin oníke wà níbẹ̀, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi gbé obì àti àkàrà wá kò gbẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tí ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí ó da oyin sínú odò, tí ó sì sọ ìgò ike rẹ̀ tẹ̀lé e. Oyin ni ó fi bẹ Ọ̀ṣun. Kí ni ó fi ike bẹ̀? Kò sí Odù tí ó ní kí a fi ọ̀rá rúbọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀kan, kí ó kì í fún wa.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá yí ohun kan padà nínú bí a ti ń ṣe é, a ti ba àṣẹ jẹ́. Kí wọ́n wo òdìkejì òkun. Ní ìlú Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, níbi tí àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú gbé òrìṣà dé, ọjọ́ kejì oṣù Kejì jẹ́ ọjọ́ Yemọja. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa ń kó ẹ̀bùn lọ sí òkun: òdòdó, lọ́fínńdà, díńgí, ìlẹ̀kẹ̀, ọmọláńgidi. Ní ọdún 2016, Ìyá Stella, ìyálórìṣà ilé Àṣẹ Opó Àfọ̀njá, sọ fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má ju ẹ̀bùn sínú òkun mọ́. Orin ni kí wọ́n máa kọ fún Yemọja. Ó ní ètò ìsìn lè bá ayé yí, ó sì yẹ kí ó bá a yí. Ẹni 90 ọdún ni nígbà tí ó sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ kékeré tí ó fẹ́ gba àṣà lọ́wọ́ àgbà, kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan. Inú ilé òrìṣà yẹn kan náà ni ilé-ìwé wà, tí àwọn ọmọdé ti ń gbọ́ ìtàn àwọn òrìṣà. Wọ́n ti mú òwe tiwa dání láti ìgbà ẹrú, pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Àwọn ni wọ́n wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù wá lọ.

Mo ti bá àwọn àgbà wí tó. Ó kù sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi.

Òdòdó tí ẹ fi ìgò ike ṣe dára lójú. Ẹ yà á ní fọ́tò, àwọn ọmọ gbé e dání, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di pàǹtí padà, ọ̀dà tí ẹ kùn ún sì ti kún un. Bí iṣẹ́ náà bá mọ síbẹ̀, eré lásán ni. Ẹ wo ilé-ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn òbí ti ń kó ìgò ike wá gẹ́gẹ́ bí owó ilé-ìwé ọmọ wọn. Ìyẹn kúrò ní ọ̀ṣọ́, ó ti di oúnjẹ ọpọlọ. Ẹ tún wo àwọn igi tí ẹ ń gbìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní igi masquerade, tí ó ga tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá odi ilé àwọn olówó, ni mo ń rí ní gbogbo ibi. Kò sí ẹnìkan tí ó gbin akòko, kò sí ẹnìkan tí ó gbin orógbó, ayan tàbí ìyeyè. Ẹ wá ń sọ fún ọmọ pé ó ti gba ayé là.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo dúró wo àwọn ọ̀dọ́ bí mẹ́fà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi orin àti àtẹ́wọ́ kọ́ wọn, àwọn ọmọ sì ń gbádùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá tọ́ka sí igi kan lẹ́bàá ògiri, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ wọn wo igi náà lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní igi ni. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu géètì ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ pé akòko ni, pé ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fi lé olóyè lórí. Ẹ ò bá rí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn! Wọ́n sáré lọ bá igi náà bí ẹni pé ọba ni ó dúró síbẹ̀. Wọ́n ṣa ewé tí ó ti jábọ́, wọ́n ń fi í lé ara wọn lórí, wọ́n ń fi oyè jẹ ara wọn. Gbogbo ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ náà kò wọ̀ wọ́n lára tó orúkọ kan ṣoṣo tí ẹlẹ́kọ sọ.

Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ní okun, wọ́n ní sùúrù, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ọmọ rẹ́rìn-ín. Àwa ni a ní orúkọ. Àwọn ìyá olórìṣà mọ ewé tí a fi ń fọ ojú, èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, èyí tí a kò gbọdọ̀ já lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n sì mọ ohun tí a ń sọ fún ewé kí a tó já a. Nínú igbó Ọ̀ṣun nìkan, oríṣi ewéko tí ó ju 400 lọ ni ó wà níbẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Òṣogbo lè pè lórúkọ? Bí àwọn ìyá wọ̀nyí bá ti lọ tán, ìwé ni a óò máa ṣí kiri.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ wa pé àwọn òyìnbó ni wọ́n mú àtúnlò dé. Ta ni kò fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò nígbà èwe rẹ̀, tí ó gé sálúbàtà tí ó já ṣe táyà, tí ó so okùn mọ́ ọn, tí ó ń fà á kiri àdúgbò? A fi pòròpórò ọkà ṣe ìgò ojú. Ìgò bíà di òṣùwọ̀n epo lọ́jà, agolo di òṣùwọ̀n ìrẹsì. Àwọn tí ń jó páànù fi agolo ṣe àtùpà. Alágbẹ̀dẹ kì í sọ irin nù. Ọmọ Ògún mọ̀ pé ọkọ́ tí ó ti jẹ tán ṣì lè di ọ̀bẹ. Kí àwọn ọ̀dọ́ pe alágbẹ̀dẹ wá síwájú àwọn ọmọ ní ọjọ́ kan, kí wọ́n jẹ́ kí ó fẹ́ná, kí ó lu irin. Kí wọ́n pa àlọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ àlọ́ wa ni ẹranko àti igi ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ti gbọ́ igi sọ̀rọ̀ rí kò ní ṣòro láti kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ìgbálẹ̀ ọmọdé kò lè wo odò Ọ̀ṣun sàn. Òótọ́ ni. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò náà ti ṣàn wá, ó gba agbègbè Ìjẹ̀ṣà níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, nígbà tí yóò sì fi dé Òṣogbo, ó ti pọ́n bí omi amọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹ ro ìyẹn wò. Omi tí àwọn àgàn ń mu, tí àwọn ìyá wa ń bù fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, a ní kí a má fi kan ẹnu. Ọmọdé tí ń ṣa ọ̀rá létí odò kò lè dá awakùsà dúró.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá a dúró? A ti kọ̀wé, a ti pariwo. Ní ọjọ́ tí a bá sì dúró níwájú àwọn awakùsà àti àwọn tí ó fún wọn ní ìwé àṣẹ, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi hàn wá ni àwòrán etí odò lẹ́yìn ọdún tiwa. Ẹnu wo ni a óò fi dá wọn lóhùn? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ odò yìí kò ní tán ní ìran tiwa. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ọgbà ilé-ìwé lónìí ni yóò di kọmíṣọ́nnà, agbẹjọ́rò, awakùsà pàápàá. Bí odò náà bá jẹ́ omi pípọ́n lásán lójú wọn, wọn yóò buwọ́ lu ìwé. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣa ìdọ̀tí kúrò létí rẹ̀, tí wọ́n mọ orúkọ igi tí ó ṣíji bò ó, ìbéèrè yóò wà lẹ́nu wọn kí gègé tó dé ọwọ́ wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé Ìṣẹ̀ṣe kò pọ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan tí ó ní igbó tàbí ojúbọ lẹ́bàá omi yan ọjọ́ kan nínú oṣù, tí àwọn ọ̀dọ́ yóò kó ọmọ wá dé ibi tí ẹsẹ̀ ògbèrì lè dé, kí ìyá kan tàbí baba kan tí ó mọ ewé sì jókòó dè wọ́n. Kí a má bi ọmọ léèrè ẹ̀sìn òbí rẹ̀. Kí ọ̀rá àti ìgò ike má kọjá ẹnu ọ̀nà ojúbọ mọ́. Igbá wà, ahá wà, akèrègbè wà fún ẹni tí ó fẹ́ bu omi lọ sílé, ewé sì pọ̀ fún obì.

Ní ojúbọ tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, ọ̀dọ́ méjì àti àwọn ọmọdé bíi mẹ́wàá yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n. Wọn yóò gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹni tí ń wọlé, wọn yóò fi ewé pààrọ̀ rẹ̀ fún un, wọn yóò sì sọ orúkọ ewé náà fún un, nítorí pé a ti kọ́ wọn. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí yín, ẹ má bú wọn.